Jẹ́ Kí Omi Gbó

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 1:1–23, Jòhánù 14:1–3, Éfésù 4:26–32

Kókó àṣàrò: Ẹni tí a bá fẹ́ràn, ibi tí yóò gbé la kọ́kọ́ ń tún ṣe.

Ẹja góòlù mẹ́rin ni mo rà lọ́jọ́ náà. Inú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn kún ni ẹlẹ́ja kó wọn sí, mo sì gbé ọ̀rá náà lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Ṣómólú dé ilé wa ní Bàrígà, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun ti ilé ìgbẹ̀bí bọ̀. Ó ti pẹ́ tí àbígbẹ̀yìn mi ti ń bẹ̀ mí fún ẹja inú dígí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ ti fọ àpótí dígí náà tán. A ti ṣan òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi kúrò lára wọn. A ti pọn omi kún un. Omi náà mọ́ gaara débi pé, bí o bá dúró níwájú rẹ̀, wàá ka kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó, inú mi dùn. Mo ní, omi tó mọ́ tó báyìí, kí ló tún kù?

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn dúró sókè omi, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ní ọjọ́ karùn-ún, a gbé òkú méjì jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kò ku ẹyọ kan. Ọmọ mi kò sunkún. Ó kàn wo ojú mi, ó ní, “Màmi, kí la fi ṣe wọ́n?” N kò rí èsì fún un.

Mo padà lọ bá bàbá tó ta ẹja fún mi. Mo rò pé yóò bi mí nípa oúnjẹ tí mo fún wọn. Kò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ wo lo pọn omi sínú dígí yẹn?” Mo ní, “Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ra ẹja gan-an ni, Bàbá.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n má bínú pé òun kò béèrè kí òun tó gba owó lọ́wọ́ mi. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé sọ́kàn wálé: “Omi rẹ mọ́ o. Ṣùgbọ́n kò tíì gbó.”

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó pa àwọn ẹja náà, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òní wà. Inú omi kan náà ni ẹja ti ń mí, tó ti ń jẹun, tó sì ti ń yàgbẹ́. Láti ibi tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni amóníà ti ń jáde, ohun kan náà tó máa ń ta wá nímú ní ilé ìtọ̀ tí wọn kì í fọ̀. Oúnjẹ tí kò bá jẹ tán náà ń jẹrà, ó ń di amóníà. Lọ sí etí omi ní Ìlàjẹ-Bàrígà, kí o wo bí ọ̀sà ṣe tẹ́ rẹrẹ lọ sábẹ́ afárá Third Mainland. Omi ń wọlé, omi ń jáde. Bí apá kan kò bá dára fún ẹja, á ju ìrù, á gba ibòmíràn lọ. Ẹja inú dígí kò ní ibi tí yóò sá sí. Ohun tó tú jáde náà ló ń padà mí sínú. Amóníà ń jó ibi tó fi ń mí díẹ̀díẹ̀, ojú wa kò sì rí i, nítorí kò ní àwọ̀. Kàlẹ́ńdà tí mò ń fi ìdùnnú kà láti inú omi yẹn, inú májèlé ni mo ti ń kà á.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi omi sílẹ̀ láìní òṣìṣẹ́. Ó dá àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, bakitéríà, tó jẹ́ pé amóníà ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di nitrite. Nitrite yìí náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja: ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò fi ní lè gbé èémí káàkiri ara mọ́. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì ṣe wà, àwọn tó ń jẹ nitrite, tó ń sọ ọ́ di nitrate. Nitrate ni ẹja lè bá gbé bí kò bá pọ̀ jù. Ewéko inú omi ń jẹ ẹ́, àwa náà sì ń dín in kù bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í sábà rìn gbéregbère nínú omi. Ara òkúta, ara dígí, àti inú fóòmù tí ẹ̀rọ ń fa omi gbà kọjá ni wọ́n ń tẹ̀dó sí. Wọn kì í sì í dé lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí wọ́n bá ti tẹ̀dó sí ni bàbá ẹlẹ́ja ń pè ní omi tó gbó.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí wà. Ní ọdún 1877, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì nílẹ̀ Faransé, Schloesing àti Müntz, rọ yanrìn kún inú ọ̀pá gígùn kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ẹ̀gbin gba inú yanrìn náà kọjá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń yẹ ohun tó ń kán jáde nísàlẹ̀ wò. Amóníà wọlé lókè, amóníà jáde nísàlẹ̀. Lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́tùn-únla, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ogún ọjọ́ gbáko, kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́yìn náà ni nitrate bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń pọ̀ sí i, títí amóníà fi tán nínú omi tó ń jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ èéfín chloroform sínú yanrìn náà, iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láàárín 1890 sí 1891 ni Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wá fi hàn pé ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n, tí ọ̀kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

Bá mi dúró lórí ogún ọjọ́ yẹn. Bí ẹnìkan bá wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, tó yẹ omi náà wò, yóò ní iṣẹ́ kankan kò sí níbẹ̀. Irọ́ ni yóò pa, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nínú yanrìn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń rẹ̀ sí i. Arákùnrin mi, arábìnrin mi, ìwọ tí o ń gbàdúrà fún ìyípadà nínú ilé rẹ, tí o wo òní, tí o wo àná, tí o kò rí ìyàtọ̀, má ṣe fi ojú ọjọ́ kọkàndínlógún dájọ́.

Ẹ padà wá sí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni omi ti wà, tí Ẹ̀mí Ọlọ́run sì ń rábàbà lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ó pín omi sókè àti sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ó kó omi ìsàlẹ̀ jọ sójú kan, Ó pè é ní òkun, ewéko sì hù lórí ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Ó gbé oòrùn àti òṣùpá sókè. Ọjọ́ karùn-ún ló tó sọ pé kí omi kún fún ẹja. Ṣé Ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá ẹja kò lè dá a ní ọjọ́ kìíní ni? Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Kò jẹ́ ju ohun ẹlẹ́mìí sí ibi tí kò tíì tún ṣe fún un. Jòhánù sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ṣe bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ikú Rẹ̀. Ó ní Òun ń lọ pèsè ibi kan fún wọn, lẹ́yìn èyí Òun yóò padà wá mú wọn. Ibi ni Ó kọ́kọ́ ń tún ṣe. Ẹni ni Ó ń mú wá gbẹ̀yìn. Bí Ọlọ́run ṣe ń fẹ́ràn nìyẹn.

Nígbà tí mo ka ibi yìí lẹ́yìn ikú àwọn ẹja náà, ẹlòmíràn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wá gbé lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tó dé, ilé wa mọ́. Mo fọ kọ́tìnì, mo nu àga, mo se ìrẹsì. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ohun tí a ń wí fún ará ilé ni pé kò lè gbé Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ilé náà, tí ojú àlejò kò rí, èmi mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọkọ mi a máa bá ara wa jà ní ohùn ìsàlẹ̀ lóru. Ọ̀rọ̀ alẹ́ a sùn di ọ̀rọ̀ àárọ̀. Bí owó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jà, ọmọ yẹn ni mo ń kanra mọ́. Kò ní yàrá tí yóò sá sí, kò ní ìyá tí yóò sọ fún. Ohun tí a ń tú jáde ló ń mí sínú. Ìbéèrè ọmọ mi wá padà sí mi: kí la fi ṣe é?

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbé kúrò nínú àṣàrò yìí nìyí. Omi tó gbó kì í ṣe omi tí ìdọ̀tí kì í wọ̀. Omi tí ìdọ̀tí kì í sùn sí ni. Ẹja á yàgbẹ́ lójoojúmọ́, kò sí bí a ṣe lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya omi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni pé, nínú ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ wà tó ń jẹ ìdọ̀tí òní lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé onígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ará Éfésù pé inú kò ní bí wọn láéláé. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú wọn, kí wọ́n sì máa dárí ji ara wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í sọ,” “Mo ti dárí jì yín,” “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ká tó sùn”: àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ kékeré tí ojú kì í rí, tó ń jẹ májèlé inú ilé kó tó di ikú ẹnìkan.

Nígbà tí a máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, a kò ra ẹja. Omi la fi bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní oògùn chlorine tó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ti kànga ẹ̀rọ tí àwa ń lò kò ní chlorine, ṣùgbọ́n atẹ́gùn inú rẹ̀ kì í tó. Nítorí náà, a bu omi náà sínú báàfù, a fẹ́ atẹ́gùn sí i di ọjọ́ kejì kí a tó bù ú sínú dígí. Ní ilẹ̀ olótùútù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mú omi móoru. Ní Èkó, Ọlọ́run ti bá wa mú un móoru tó, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo wá ra edé tútù ní ọjà Bàrígà, mo di ẹyọ kan sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo rì í sínú omi tí kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀. Ọmọ mi ní, “Màmi, ṣé kì í rùn ni?” Mo ní ó ń rùn. Bí kò bá sí ohun tó ń jẹrà, kò sí amóníà. Bí kò bá sí amóníà, ebi á pa àwọn òṣìṣẹ́, wọn kò ní pọ̀. Mo ronú lórí èyí gan-an. Ilé tí kò sí ohun kan tó dùn ún rí kò tíì ní àǹfààní láti kọ́ ìdáríjì. Àwọn ìṣòro kéékèèké tí a ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú kúrò, nínú wọn ló ti ń tọ́ òṣìṣẹ́ dàgbà nínú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, omi náà funfun bí omi ògì. Ọkọ mi ní kí a dà á nù. Bàbá ẹlẹ́ja sì ti kìlọ̀ fún mi pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù: wọ́n á rí omi tó ṣú, wọ́n á dà á nù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ òkúta, wọ́n á sì padà sí ọjọ́ kìíní. A fi í sílẹ̀, ó sì là fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀ di òru, ẹ̀rọ sì dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ inú fóòmù náà nílò èémí. Bí omi kò bá ṣàn kọjá lára wọn fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. A wá ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì, a fi fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí fóòmù náà dọ̀tí, n kò gbé e lọ sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Inú omi tí mo bù láti inú dígí náà ni mo ti rọra fún un. Ẹni tó bá fi agbára fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní ti fọ ẹ̀mí inú rẹ̀ dànù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé á di ọṣẹ. Fóòmù tó jẹ́ òkú ohun, nígbà tó pẹ́ nínú omi, ó di ilé alààyè.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń kán oògùn àyẹ̀wò sínú omi náà. Amóníà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Nitrite gòkè, ó pẹ́ lókè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó di ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, amóníà kò sí, nitrite kò sí, nitrate nìkan ló wà. A pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà, mo sì lọ ra ẹja. Méjì péré ni, nítorí bí ẹja bá ṣe pọ̀ tó ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bí ẹrù bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, á bo wọ́n mọ́lẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kan náà ni àbúrò mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ọmọ òun ti rí ìwé gbà ní Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà, òun sì fẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi jókòó síwájú dígí tí kò ní ẹja. Mo ní, “Bàbá Dékọ̀, kí ọmọ yìí tó dé, ẹ jẹ́ kí omi ilé wa gbó.” Ó mọ ohun tí mò ń wí. Láti ọjọ́ náà, a kì í sùn lórí ọ̀rọ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tó jẹ́ pé aago méjìlá ti lù kí ọ̀kan nínú wa tó lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo rò pé kò sí ohun tó yí padà. Mo ń rántí ogún ọjọ́. A tún pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti lọ, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo ti rò pé èmi ni mo ṣe é.”

Ọ̀gá onítẹ̀wé ní Ṣómólú tó fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, kí ni ọmọ náà yóò máa mí sínú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú ìyàwó wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ wo ló wà nínú ilé náà láti jẹ àṣìṣe rẹ̀ àti àṣìṣe tìrẹ? Ìjọ tó ń gbàdúrà fún ọkàn tuntun, bí Olúwa bá kó wọn dé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ṣé omi yín ti gbó? Àwọn tí à ń pè wọlé wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn kò ní ọ̀sà tí wọ́n lè sá sí. Àwa ni gbogbo omi tí wọ́n ní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ àbúrò mi máa dé, mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo dúró síwájú dígí. Ẹja méjèèjì ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Òkúta tí mo ṣan títí tó fi ń dán tẹ́lẹ̀ ti ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lára, omi náà kò sì mọ́ tó ti ọjọ́ kìíní; kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀ kò hàn dáadáa mọ́. Àbígbẹ̀yìn mi wá dúró tì mí. Ó gbé ọwọ́ lé dígí náà, ó ní, “Màmi, yàrá tí Àǹtí máa sùn ńkọ́? Ṣé òun náà ti gbó?” Mo ní, “Ó ti ń gbó, ọmọ mi. A ṣì ń ṣe é.”

Àdúrà: Baba, Ìwọ tó tún omi ṣe kí O tó pe ẹja, tó sì ń pèsè ibi fún wa kí a tó dé, dárí jì wá fún àwọn tí a gbà sínú ilé wa nígbà tí a kò tíì múra dè wọ́n. Wo ọgbẹ́ tí a dá sí wọn lára sàn. Rán Ẹ̀mí Rẹ kó máa rábàbà lójú omi ilé wa. Fún wa ní ìdáríjì tí ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, àti sùúrù fún àwọn ọjọ́ tí ojú kò tíì rí nǹkan kan. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Iṣẹ́ òní: Ronú kan ẹnìkan tó ń gbé lábẹ́ rẹ tàbí tó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ. Kí oòrùn òní tó wọ̀, parí ọ̀rọ̀ kan tó ti sùn nínú ilé rẹ. Tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Kà á dé ogójì ọjọ́.